Ìpara Abíyá Àfọwọ́ṣe: Ohun Tó Ń Pa Òórùn Náà Ló Ń Jó Awọ

Òógùn fúnra rẹ̀ kì í rùn. Oríṣi orísun òógùn méjì ló wà lára èèyàn. Ọ̀kan wà káàkiri ara, omi òun iyọ̀ ló ń tú jáde kí ara lè tutù, òun kọ́ ló sì fi bẹ́ẹ̀ ń fa òórùn abíyá. Èkejì, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní apocrine, wà lábẹ́ abíyá àti lójú ara, kì í sì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àfi bí ọmọ bá ti ń bàlágà. Ohun tí òun ń tú jáde máa ń ki, ọ̀rá àti purotéènì wà nínú rẹ̀, síbẹ̀ kò ní òórùn kankan nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ.

Àwọn bakitéríà tó ń gbé lábẹ́ abíyá ló ń sọ ọ́ di òórùn, Corynebacterium àti Staphylococcus hominis sì wà lára àwọn tó ṣe kókó jù. Oúnjẹ ni nǹkan kíki yẹn jẹ́ fún wọn. Pàǹtírí tí wọ́n ń dà sílẹ̀ lẹ́yìn àsè ni imú ń gbọ́. Onílé tí kò bá fẹ́ pàǹtírí lè ti ilé ìdáná pa kí oúnjẹ má tilẹ̀ jáde: iṣẹ́ tí iyọ̀ alumíníọ̀mù ń ṣe nínú ìpara tó ń dá òógùn dúró nìyẹn, ó ń dí ẹnu ihò tí òógùn ń gbà yọ. (Álọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà bí òkúta àdánidá fún àwọn tó ń sá fún alumíníọ̀mù, iyọ̀ alumíníọ̀mù ni òun náà.) Onílé lè lé àwọn àlejò lọ, bí àwọn òróró olóòórùn kan ṣe ń gbìyànjú láti ṣe. Ó lè ká ẹní nílẹ̀ kí ìjókòó má tù wọ́n lára: iṣẹ́ sítáàṣì tó ń fa omi mu kò ju ìyẹn lọ. Ó sì lè jẹ́ kí wọ́n jẹ kí wọ́n yó, kí òun dúró tì wọ́n pẹ̀lú ìgbálẹ̀, kó máa gbá ohun tó bá já bọ́ kí aládùúgbò tó rí i. Àwọn ilé kan tilẹ̀ wà tí wọn kì í dáná àsè yìí rárá: ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ìlà Oòrùn Éṣíà ni jíìnì kan tí wọ́n jogún, tó ń jẹ́ ABCC11, kì í jẹ́ kí oúnjẹ náà dé abíyá, abíyá wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rùn.

Ìpara àfọwọ́ṣe, èyí tí èèyàn ń fi òrí, àdí àgbọn àti baking soda pò nílé, kì í ti ilé ìdáná pa. Ẹni tó bá fi í para yóò làágùn bó ṣe máa ń làágùn tẹ́lẹ̀. Gbígbá ni agbára rẹ̀ wà, baking soda, ìyẹ̀fun funfun tó ń mú kí àkàrà òyìnbó wú, sì ni ìgbálẹ̀ náà. Òun ni a ó máa pè ní sódà níhìn-ín.

Ásíìdì ọlọ́ràá ló pọ̀ nínú ohun tí bakitéríà ń dà sílẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ 3-methyl-2-hexenoic acid ló ń fún abíyá ní òórùn òbúkọ. Ó fúyẹ́, ó ń gbéra kúrò lórí awọ, ó ń bá atẹ́gùn lọ sínú imú. Ṣùgbọ́n bí òun àti sódà bá pàdé nínú omi, ó di iyọ̀, iyọ̀ kì í sì í gbéra. Ó ṣì wà lábẹ́ abíyá títí dìgbà ìwẹ̀. Imú ni kò lè gbọ́ ọ mọ́. Kò sí bakitéríà tó gbọ́dọ̀ kú kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n inú rẹ̀ wà gan-an ni pé sódà kì í yọ́ nínú ọ̀rá. Nínú ìpara, hóró gbígbẹ ló jẹ́, òrí àti àdí àgbọn yí i ká, kò sì lè ṣe ohunkóhun níbẹ̀. Omi ló ń jí i, abíyá kò sì ní omi mìíràn ju òógùn lọ. Bí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, díẹ̀ ló máa yọ́; bó bá sáré tàbí tí oòrùn mú, òógùn púpọ̀ á jí sódà púpọ̀. Òógùn tí ìpara náà kọ̀ láti dá dúró ló wá ń bá a ṣiṣẹ́. Nǹkan díẹ̀ ló wà nínú ìtọ́jú ara tó mọ ìgbà tí wọ́n nílò rẹ̀ tó báyìí.

Ibẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ wà. Awọ ara tó dá ṣáṣá ní ásíìdì díẹ̀ lójú, pH rẹ̀, ìyẹn òsùwọ̀n ásíìdì tó jẹ́ pé bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ásíìdì ń pọ̀ sí i, máa ń wà láàárín 4.5 sí 5.5. Omi sódà wà ní nǹkan bí 8.3. Ẹni tó bá wo òǹkà yẹn lásán lè rò pé ìyàtọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbésẹ̀ 1 lórí òsùwọ̀n pH jẹ́ ìlọ́po 10, nítorí náà ìgbésẹ̀ 3 jẹ́ ìlọ́po 1,000. Ásíìdì ojú awọ yìí ń ran awọ lọ́wọ́ láti dáàbò bo ara rẹ̀, sódà kò sì lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ásíìdì tó ń rùn. Ó ń pa méjèèjì. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, pàápàá lára abíyá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá, awọ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún, á pọ́n, á bó, nígbà mìíràn á sì dúdú.

Àwọn kan á wá sọ fún ẹni tó ń jìyà yìí pé kó fara dà á, pé májèlé tó ti kó jọ lábẹ́ abíyá ló ń jáde. Irọ́ ni, irọ́ tó ń ṣeni léṣe sì ni. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń bá ara palẹ̀ májèlé mọ́, abíyá kì í ṣe ojú ọ̀nà fún un. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi alumíníọ̀mù sílẹ̀ ni pé ohun tó dí ihò òógùn ti ṣí, òógùn padà, oúnjẹ bakitéríà náà sì padà. Ìyẹn lè mú kí òórùn le fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú kí awọ bó. Awọ tó bá ń bó ń sọ pé sódà ti pọ̀ jù fún òun, ohun tó sì tọ́ ni pé kí wọ́n ṣíwọ́ lójú ẹsẹ̀.

Bó ṣe rí yìí ló yẹ kó darí ọwọ́ ẹni tó ń pò ó. Òrí ṣíbí 3, àdí àgbọn ṣíbí 2, ìda oyin ṣíbí 1, sítáàṣì àgbàdo ṣíbí 3. Sódà kò gbọdọ̀ ju ṣíbí 1 lọ, ìdajì ló sì dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Ìda oyin wúlò nítorí pé àdí àgbọn ń yọ́ ní nǹkan bí 24°C. Ìda ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ́ nínú abọ́ tí wọ́n gbé sínú omi gbígbóná, nítorí ó ń fẹ́ 62 sí 65°C, kí òrí àti àdí tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni sùúrù dé. Bí wọ́n bá da ìyẹ̀fun sí i nígbà tó ṣì ń ṣàn bí omi, gbogbo rẹ̀ á rì sísàlẹ̀, ọ̀rá lásán á wà lókè, sódà pọ́ńbélé á sì wà nísàlẹ̀. Bí ìgbóná rẹ̀ bá ju nǹkan bí 50°C lọ, sódà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í di sodium carbonate, èyí tí wọ́n fi ń fọ aṣọ, tó sì le mọ́ awọ jù ú lọ dáadáa. Kí wọ́n dúró títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ki, kí wọ́n wá da ìyẹ̀fun tí wọ́n ti jọ̀ kúnná sí i, kí wọ́n rò ó, kí wọ́n sì gbé e sínú fíríìjì kí òrí má bàa di hóró-hóró. Kò sí omi nínú rẹ̀, nítorí náà kì í tètè bu, bí wọn ò bá ti ń ki ìka tútù bọ̀ ọ́.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé sódà kò ṣe wọ́n ní nǹkan, síbẹ̀ òórùn wọn kò lọ. Staphylococcus hominis ni ó sábà máa ń wà nídìí èyí. Ohun tí òun ń dà sílẹ̀ ní imí ọjọ́ nínú, 3-methyl-3-sulfanylhexan-1-ol, òórùn rẹ̀ sún mọ́ ti àlùbọ́sà. Kì í ṣe irú ásíìdì tí sódà lè mú, kódà bí wọ́n bá sọ sódà di ìlọ́po méjì, awọ nìkan ni yóò jìyà sí i. Síńkì ló ń so mọ́ imí ọjọ́, nítorí náà ṣíbí kékeré kan zinc oxide ni irú abíyá bẹ́ẹ̀ nílò.

Fún awọ tó bá kọ sódà pátápátá, magnesium hydroxide, ìyẹ̀fun funfun tó wà nínú oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀, lè gba ipò rẹ̀. Lórí ìwé, pH tirẹ̀ tilẹ̀ ga ju ti sódà lọ, ó lé ní 10. Ṣùgbọ́n díẹ̀ bíńtín ló ń yọ́ nínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí ásíìdì bá lo ìyẹn tán ni òmíràn tó ń yọ́ rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ awọ tí sódà ń jó ló ń gbà á láìyún.