Agogo Ṣọ́ọ̀ṣì Ló Ṣáájú: Bí Ọmọ Nola, Ọmọ Polla àti Ọmọ Palermo Ṣe Di "Ará Ítálì" ní Amẹ́ríkà

Níbí, òyìnbó ni òyìnbó ń jẹ́. Ará Nápólì ìbáà gúnlẹ̀ sí Èkó, ará Lọ́ńdọ̀nù ìbáà tẹ̀lé e, orúkọ kan náà lọmọdé á fi pe àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tó fi ń ya ọ̀pọ̀ wa lẹ́nu láti gbọ́ pé ìgbà kan wà ní Amẹ́ríkà tí òyìnbó ń bi òyìnbó pé irú òyìnbó wo ni. Àwọn tí ìbéèrè náà le mọ́ gidi ni ìdílé tó ṣí wá láti Ítálì, bíi mílíọ̀nù mẹ́rin èèyàn láàárín 1880 sí 1920. Gúúsù ni púpọ̀ nínú wọn ti wá: agbègbè Nápólì, Calabria, Basilicata, àti erékùṣù Sìsílì.

Ta ló wá sọ wọ́n di ará Ítálì? Àwọn kan á ní Columbus ni, láti 1492. Columbus kò fìgbà kan rí ìjọba tó ń jẹ́ Ítálì, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Àwọn mìíràn á ní akọ̀wé tó jókòó ní èbúté ni. Èmi ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni, pẹ̀lú ẹni mímọ́ tí wọ́n gbé wọ ọkọ̀ dání.

Orúkọ náà fúnra rẹ̀, Italia, ọmọ gúúsù ni. Antiochus ará Syracuse, òpìtàn tó kọ̀wé ní èdè Gíríìkì ní bíi 2,400 ọdún sẹ́yìn, sọ pé ṣóńṣó ilẹ̀ náà nísàlẹ̀, níbi tí Calabria wà lónìí, nìkan ló ń jẹ́ Italia, láti ara ọba kan tó ń jẹ́ Italus. Àwọn Oscan, tí wọ́n ń gbé gúúsù, ń pè é ní Víteliú, èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè so mọ́ ọmọ màlúù. Nígbà tí àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Róòmù gbógun tì í ní 91 ṣáájú Kristi, wọ́n rọ owó tiwọn, wọ́n kọ Víteliú sí i, wọ́n sì ya akọ màlúù tó ń kan ìkookò Róòmù mọ́lẹ̀. Bóyá àwọn darandaran ló fi ẹran wọn sọ ilẹ̀ lórúkọ. Bóyá orúkọ ló kọ́kọ́ wà, tí wọ́n wá wá ọba kan fún un, bí ìlú púpọ̀ ti máa ń ṣe. Èmi gba ti darandaran. Èyí ó wù ó jẹ́, ọmọ ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́ ará Italia, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Orúkọ ilẹ̀ kò tíì di orúkọ èèyàn nígbà yẹn. Ìjọba Ítálì kan ṣoṣo kò sí àfi ní 1861, Róòmù gan-an sì dúró di 1870 kó tó wọ inú rẹ̀. Tullio De Mauro, onímọ̀ èdè, ṣírò pé nígbà tí wọ́n da ilẹ̀ náà pọ̀, nínú 1,000 èèyàn, bíi 25 ló gbọ́ ohun tí à ń pè ní èdè Ítálì. Ìyókù ń sọ ti ìlú wọn. Ibi tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ bá dún dé, ibẹ̀ ni ìlú rẹ mọ. Campanile ni ilé gogoro tí agogo náà wà, inú rẹ̀ ni wọ́n ti yọ campanilismo, ìfẹ́ ìlú ẹni débi ìjà.

Ọ̀rọ̀ tí mo tilẹ̀ fẹ́ràn jù ni paese. A ń sọ pé ìlú Òṣogbo, a tún ń sọ pé ìlú Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni paese rí: abúlé ni, orílẹ̀-èdè ni. Paesano ni ọmọ ìlú mi. Ọkùnrin tó bá pe ẹnìkan ní paesano ní New York ní 1890, ẹni tí wọ́n jọ ṣèrìbọmi nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ló ń wí. Ará Nápólì ń gbé òpópónà Mulberry, ará Sìsílì ń gbé Elizabeth, bẹ́ẹ̀ òpópónà méjèèjì kò jìnnà síra. Bí ọmọkùnrin bá mú ìyàwó kọjá òpópónà rẹ̀, ìyá rẹ̀ á ní àjèjì ló fẹ́.

Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Owó oṣooṣù ni wọ́n ń dá, òun ni wọ́n fi ń tọ́jú aláìsàn, òun ni wọ́n fi ń sìnkú. Lẹ́yìn òkú, ọdún ẹni mímọ́ ìlú ló tún kù. Àwọn ọmọ Polla, ìlú kan ní gúúsù Ítálì, ló bẹ̀rẹ̀ ọdún Màríà ti Òkè Kámẹ́lì ní East Harlem ní New York, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1880 sí 1889. Àwọn ọmọ Nola, ìlú kan nítòsí Nápólì, gbé tiwọn dé Brooklyn ní 1903. Ìtàn wọn ni pé Paolino, bíṣọ́ọ̀bù Nola, fi ara rẹ̀ dípò ọmọ opó kan tí wọ́n fẹ́ kó lẹ́rú lọ sí Áfíríkà. Nígbà tó padà, gbogbo ìlú fi òdòdó lílì pàdé rẹ̀. Giglio ni wọ́n ń pe lílì, giglio náà ni wọ́n ń pe òpó gàgàrà tí àwọn ọkùnrin tó lé ní 100 ń gbé léjìká, tòun ti àwọn onílù àti afunfèrè tó jókòó sórí rẹ̀.

Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà ló wọ ọkọ̀ ẹrú. Ní Freetown wọ́n di Aku, nítorí "ẹ kú" tí kì í kúrò lẹ́nu wọn, ní Brazil wọ́n di Nagô, ní Cuba wọ́n di Lucumí. Ìyàtọ̀ tó wà ńbẹ̀ kò kéré: ará Nápólì sanwó ọkọ̀.

Èébú kan sì wà tó kàn wá. Láyé òwò ẹrú, "Guinea" ni Amẹ́ríkà ń pe ẹni tí wọ́n kó láti etíkun wa, etíkun tí Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ wà. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, orúkọ yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ lu ọmọ Sìsílì. Ẹni tí kò mọ ibi tí Àgbádárìgì wà di ọmọ etíkun Àgbádárìgì.

Ní ti ìwé ìjọba, láti 1899 ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn aṣíwọlé ti pín wọn sí méjì, Ítálì ti àríwá àti Ítálì ti gúúsù, bí ẹni pé ẹ̀yà méjì ni wọ́n. Ìwé atúmọ̀ ẹ̀yà tí ìgbìmọ̀ Dillingham, tí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ aṣíwọlé, gbé jáde ní 1911 tilẹ̀ ka Genoa tó wà ní àríwá mọ́ gúúsù. Genoa ni wọ́n bí Columbus sí o! Bí ẹnìkan bá sì fẹ́ di ọmọ Amẹ́ríkà, lórí fọ́ọ̀mù kan náà, wọ́n lè kọ "funfun" síbi àwọ̀, "dúdú" síbi bí ara ṣe rí, àti "Ítálì ti gúúsù" síbi ẹ̀yà. Ojú ọkùnrin kan náà ni wọ́n wò kọ gbogbo rẹ̀.

Ó ní àwọn tó máa ń sọ pé aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kà wọ́n sí kí wọ́n tó di funfun. N kò gbà. Òfin 1790 ní aláwọ̀ funfun tó jẹ́ òmìnira nìkan ló lè di ọmọ Amẹ́ríkà, ọ̀nà yẹn ni wọ́n bá wọlé. Ẹjọ́ Alabama ti 1922 ni wọ́n sábà máa ń gbé jáde, níbi tí ilé ẹjọ́ ti dá ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé ó bá obìnrin aláwọ̀ funfun lò, sílẹ̀ nítorí pé wọn kò fi ẹ̀rí hàn pé obìnrin Sìsílì tó bá lò jẹ́ funfun. Ilé ẹjọ́ náà kò sọ pé dúdú ni.

Ìyà jẹ wọ́n ṣá. Ní New Orleans, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 1891, ogunlọ́gọ̀ èèyàn já wọ ẹ̀wọ̀n, wọ́n pa ará Ítálì 11 nítorí ikú ọ̀gá ọlọ́pàá David Hennessy. Ààrẹ Harrison san 25,000 dọ́là fún ìjọba Ítálì. Ní 1892, ó ní kí gbogbo orílẹ̀-èdè ṣe àjọ̀dún Columbus, láti ìgbà yẹn sì ni ọmọ Palermo, olú ìlú Sìsílì, ti ń di ọmọ Columbus.

Ìyókù kò gbà wá lákòókò. Òfin 1924 dín àwọn tó lè wọlé láti Ítálì kù sí 3,845 lọ́dún, ọkọ̀ kò kó ọmọ ìlú tuntun wá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, òpópónà Mulberry àti Elizabeth sì ń fẹ́ ara wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n pe àwọn 600,000 tí kò tíì gba ìwé ọmọ onílùú ní ọ̀tá, wọ́n sì yọ orúkọ yẹn kúrò ní oṣù Kẹwàá 1942, ní ọjọ́ Columbus. Ní 1976, yunifásítì ìlú New York, CUNY, ka àwọn ọmọ Ítálì ní Amẹ́ríkà mọ́ àwọn tó yẹ kí wọ́n dìídì fún láàyè síṣẹ́. Ìkànìyàn 1980 ló wá bi àwọn èèyàn léèrè orírun wọn, ó sì fi àyè sílẹ̀ kí kálukú fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Bíi mílíọ̀nù 12 kọ Ítálì. Àwọn kan kọ Sìsílì, wọ́n sì fi àyè yòókù sílẹ̀.