Àìgbaró: Orúkọ tí Mo Yàn fún Iṣẹ́ Ilẹ̀ Káàdì, àti Ìdí tí Mo Fi Yàn Án

Àwọn tí ń fi ọwọ́ ṣe káàdì ìkíni mọ iṣẹ́ kan tí wọ́n máa ń pè ní "ẹ́ḿbọ́ọ̀sì rẹ́sísítì". Òun ni iṣẹ́ tí a ti ń fi òǹtẹ̀ tẹ àwòrán sórí páálí funfun, tí a ó yọ́ ike lé àwòrán náà lórí, tí a ó wá fi àwọ̀ pa gbogbo ojú páálí náà, tí àwòrán yóò sì wà ní funfun láàárín àwọ̀ bí ẹni pé ọwọ́ kankan kò kàn án. Iṣẹ́ náà kò le. Orúkọ rẹ̀ ni ó di wàhálà, nítorí pé àwọn tí ó gbìyànjú láti sọ ọ́ ní Yorùbá ti fún un ní orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, n kò sì rí èyí tí kò lè ṣi ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́nà nínú wọn. "Àìgbaró" ni èmi ń pè é.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn orúkọ náà ni "àtakò". Ẹni tí ó ní ìfẹ́ inú tirẹ̀ ni ó lè ta ko nǹkan: a ń tako òfin, a ń tako aláṣẹ, ọmọ ìyá méjì lè máa tako ara wọn lórí ogún. Ike tí ó yọ́ sórí páálí kò bá tàdáwà jà rárá. Kò kàn ní ibi tí yóò gbà á sí ni. "Ìdènà" sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ti ní olówó. Nígbà tí a bá gé bébà bo àwòrán àkọ́kọ́ kí a lè tẹ èkejì kọjá lórí rẹ̀, kí ó lè dà bí ẹni pé èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀, bébà yẹn ni ìdènà, a ó sì ká a kúrò tí iṣẹ́ bá parí. Ohun tí mo ń sọ níhìn-ín kì í kúrò. Mo mọ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n sọ fún pé ìdènà ni, tí ó fi èékánná họ àwòrán rẹ̀ títí páálí fi ya.

Kí a tó máa wá ọ̀rọ̀ tuntun kiri, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè ohun tí aláró ń sọ nígbà tí aṣọ bá jáde nínú ìkòkò tí apá kan rẹ̀ kò yí padà. Ó ń sọ pé, "Kò gba aró." Kò sọ pé aṣọ tako aró. Àwọn kan ti dá mi lóhùn pé aṣọ ni ó ni aró, pé tàdáwà ni a ń lò sí ara páálí. Èsì mi ni pé oríṣi tàdáwà méjì ni ó wà lọ́wọ́ wa: ọ̀kan ń wọ inú páálí lọ, ó sì ń tètè gbẹ, èkejì jẹ́ àwọ̀ tí a lọ̀ kúnná, tí ó ń dúró sí òkè, tí ó sì ń pẹ́ kí ó tó gbẹ. Yorùbá ti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́. Ohun tí ń wọ inú ni aró, ohun tí ń dúró lórí ni ọ̀dà. Ti àkọ́kọ́ ni a fi ń ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí náà aró ni, n kò sì ní í yí i padà.

Àlàyé rẹ̀ kò gùn. Ẹ wo omi òjò lórí ewé kókò: kì í tàn ká, kì í wọ inú ewé, ṣe ni ó ń ká ara rẹ̀ jọ róbótó, tí ó ń yí kiri títí ewé yóò fi tẹ̀, tí yóò sì dà á nù, ibi tí ó ti kúrò yóò sì gbẹ bí ẹni pé òjò kò rọ̀ síbẹ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ní tirẹ̀ ti mu omi yó. Àwòrán tí a tẹ̀ ni ewé kókò, páálí tí ó yí i ká ni ilẹ̀.

Ike ni ó sọ àwòrán di ewé. Tàdáwà tí kò láwọ̀, tí ó ń lẹ̀, ni a kọ́kọ́ fi ń tẹ òǹtẹ̀. Kí ó tó gbẹ, a ó da lẹ́búlẹ́bú ike sí i lórí, a ó gbọn èyí tí kò lẹ̀ mọ́ ọn padà sínú ìgò, a ó sì fi ẹ̀rọ tí ń fẹ́ ooru yọ́ èyí tí ó kù títí yóò fi pa pọ̀ di awọ kan tí ń dán. Ojú ibi tí páálí fi ń mu omi ti dí lábẹ́ awọ yẹn. Bí a bá wá fi kànrìnkàn pa aró sí i, láti orí àwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ dé orí èyí tí ó ṣókùnkùn, gbogbo ibi ni yóò mu ún àfi ibẹ̀. Ìwọ̀nba tí ó bá dúró lórí ike ni a ó fi àkísà gbígbẹ nù kúrò. Yálà òǹtẹ̀ rọ́bà tí a kàn mọ́ igi ni ẹ lò tàbí ti ike tí ó mọ́ gaara, ẹjọ́ yẹn kò kàn mí.

Mo ní "lẹ́búlẹ́bú", n kò ní "ẹ̀tù". Mo ti ka àlàyé kan tí ó ní kí a "da ẹ̀tù sórí páálí, kí a sì fi iná sún mọ́ ọn". Ẹ̀tù ni ọdẹ ń kì sínú ìbọn. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ irun náà kò lè ṣe é, nítorí pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ pọ̀, ooru rẹ̀ kò tó, yóò sì ti gbá lẹ́búlẹ́bú lọ kí ó tó yọ́. Àpò àtíkè kékeré tí a ń fi nu páálí kí a tó tẹ̀ ẹ́ ni n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò. Hóró lẹ́búlẹ́bú kan ṣoṣo tí ó bá lẹ̀ mọ́ ibi tí ọwọ́ tí ó làágùn ti kàn kì í hàn lórí páálí funfun. Ìgbà tí aró bá dé ni yóò yọjú, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́, nítorí pé òun náà ti di àìgbaró.

"Ẹ́ḿbọ́ọ̀sì" fúnra rẹ̀ ni mo ti pa tì. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n fi ń pè: èyí tí mo ṣàlàyé yìí, àti èyí tí a ń fi ẹ̀rọ tẹ páálí láàárín ike oníbátànì títí ara rẹ̀ yóò fi wú, láìsí ooru, láìsí tàdáwà. Mo ń pe ti àkọ́kọ́ ní "yíyọ́", mo ń pe ti èkejì ní "títẹ̀ wú".

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó ń bí mi nínú: "ẹ̀yìn káàdì", tí wọ́n fi ń pe ojú páálí tí ó yí àwòrán ká. Káàdì ní ẹ̀yìn tirẹ̀, níbi tí ẹni tí ó ṣe é ń kọ orúkọ sí, bí a bá sì sọ fún ènìyàn pé kí ó kun ẹ̀yìn káàdì, yóò yí i dà, yóò sì kùn ún, kò sì jẹ̀bi. Ẹni tí ń ṣàpèjúwe aṣọ yóò sọ pé ilẹ̀ rẹ̀ pupa, òdòdó ara rẹ̀ funfun. Ilẹ̀ káàdì ni, ó tán. Bákan náà ni "lílu òǹtẹ̀", tí ó yẹ lẹ́tà ọ́fíìsì, níbi tí akọ̀wé ti ń gbá a mọ́lẹ̀ gbàmù. Ẹni tí ó bá lù ú lórí káàdì yóò rí i pé rọ́bà yẹ̀, etí àwòrán sì di méjì. "Tẹ̀" ti wà nínú orúkọ òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀: ẹ gbé e lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ láti òkè wá, ẹ má mì í, kí ẹ sì gbé e kúrò ní tààrà.

Oríṣi àìgbaró kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀wù Jósẹ́fù pè, n kò sì bá wọn jà lórí ìyẹn, nítorí pé "ẹ̀wù aláràbarà" ti wà lẹ́nu wa láti inú Bíbélì. Nínú èyí, a ó kọ́kọ́ fi oríṣiríṣi àwọ̀ tí ó mọ́lẹ̀ pa páálí, kí ó gbẹ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ́búlẹ́bú yóò lẹ̀ mọ́ gbogbo rẹ̀. A ó tẹ òǹtẹ̀, a ó yọ́ ọ, a ó sì fi aró dúdú bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwòrán yóò máa tàn ní àwọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin láàárín òkùnkùn. Lẹ́búlẹ́bú tí ó mọ́ gaara nìkan ni ó lè ṣe é, èyí tí ó funfun yóò bo àwọ̀ abẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí kò ní lẹ́búlẹ́bú rárá lè fi àbẹ́là funfun ya nǹkan sórí páálí, kí ó sì fi omi àwọ̀ kọjá lórí rẹ̀; ìda kì í gbaró. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ń pe èyí ní "àtakò àbẹ́là". Mo bi í pé kí ni àbẹ́là náà ń tako, kò tíì dá mi lóhùn.