Ọmọkùnrin Tó Wọ Igbó Lọ Béèrè: Bí Ìjọ Mọ́mọ́nì Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ń rìn ní méjì-méjì, ṣẹ́ẹ̀tì funfun lọ́rùn, táì lórí rẹ̀, báàjì dúdú láyà: bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń dá Mọ́mọ́nì mọ̀ nìyẹn. Orúkọ ìjọ wọn gan-an gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn. Ní 2018, Russell Nelson tó jẹ́ ààrẹ wọn nígbà náà ní kí aráyé yéé pe àwọn ní Mọ́mọ́nì mọ́. Ṣùgbọ́n ìnagijẹ kì í kúrò lára bọ̀rọ̀, òun náà ni n óò sì máa lò.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Joseph Smith. Vermont ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ní 23 oṣù Kejìlá 1805. Ní 1816, òtútù kò jẹ́ kí irè oko ṣe dáadáa, làwọn òbí rẹ̀ bá kó ẹrù, wọ́n forí lé Palmyra ní ìpínlẹ̀ New York. Ìsọjí ló gba agbègbè yẹn kan nígbà náà. Mẹ́tódíìsì ń pàgọ́, Onítẹ̀bọmi ń pàgọ́, Presbyterian kò gbẹ́yìn, oníkálukú ń sọ pé ọ̀dọ̀ tòun ni ọ̀nà wà. Ilé Smith gan-an kò fohùn ṣọ̀kan: ìyá bá Presbyterian lọ, bàbá kò bá ẹnì kankan lọ. Ọmọ náà wá rí i kà nínú ìwé Jákọ́bù pé kí ẹni tí ọgbọ́n bá kù fún béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ní 1820, lọ́mọ ọdún 14, ó wọ igbó lọ béèrè. Ohun tó sọ nígbà tó yá ni pé Ọlọ́run Baba àti Jésù fara han òun, wọ́n sì ní kí òun má darapọ̀ mọ́ ìkankan nínú àwọn ìjọ náà.

Ẹni tó bá mọ ìtàn Aládùúrà kò ní fi bẹ́ẹ̀ yanu. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ni Joseph Babalọlá ń wà ní 1928 tó ní òun gbọ́ ohùn tó pe òun kúrò nídìí iṣẹ́ ọba. Àmọ́ Bíbélì tí gbogbo wa ń kà ni Babalọlá gbé dání jáde. Ìwé tuntun ni Smith gbé jáde ní tirẹ̀.

Ó ní áńgẹ́lì kan tó ń jẹ́ Moroni wá bá òun ní 1823, ó júwe òkè kan nítòsí ilé wọn, pé àwọn wúrà pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ ìtàn sí wà lábẹ́ òkúta níbẹ̀. Ní 1827 ló tó gbà wọ́n. Bó ṣe ń túmọ̀ wọn ló wù mí jù nínú ìtàn yìí. Àwọn tó bá a kọ ọ́ sílẹ̀ ní òkúta kan ló máa ń fi sínú fìlà, á ki ojú bọ inú fìlà náà, á sì máa ka ohun tó ń rí jáde. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi òkúta wo nǹkan. Kó tó di wòlíì làwọn èèyàn ti ń háyà rẹ̀ pé kó bá àwọn wo ibi tí ìṣúra wà nínú ilẹ̀. Àwa tí a ní wòlíì tó ń wo omi kò lè sọ pé a kò rí irú rẹ̀ rí. Ní 2015 ni ìjọ náà tó tẹ fọ́tò òkúta ọ̀hún jáde fáyé rí.

Martin Harris, àgbẹ̀ tó rí jájẹ, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bá a ṣe akọ̀wé. Ó bẹ̀bẹ̀ títí Smith fi jẹ́ kó mú ojú-ewé 116 lọ han ìyàwó rẹ̀ nílé. Ojú-ewé 116 náà dàwátì títí dòní. Harris yìí kan náà ló tún fi oko rẹ̀ dúró fún 3,000 dọ́là kí òǹtẹ̀wé tó gbà láti tẹ 5,000 ẹ̀dà. Ìwé ti Mọ́mọ́nì jáde ní oṣù Kẹta 1830. Ìtàn ìdílé kan ló sọ, tó kúrò ní Jerúsálẹ́mù, tó wọkọ̀ ojú omi dé Amẹ́ríkà, tí Jésù sì wá bá àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn lẹ́yìn àjíǹde. Mọ́mọ́nì ni orúkọ wòlíì tó kó ìtàn náà jọ. Ní 6 oṣù Kẹrin ọdún kan náà ni wọ́n dá ìjọ sílẹ̀ ní Fayette, ní ìpínlẹ̀ New York.

Wọn kò rójú jókòó síbì kan. Wọ́n lọ sí Ohio, wọ́n lọ sí Missouri, níbi tí gómìnà ti pàṣẹ ní 1838 pé kí wọ́n lé wọn jáde tàbí kí wọ́n pa wọ́n run. (Ọdún 1976 ni wọ́n tó fagi lé àṣẹ náà.) Ní Illinois, wọ́n kọ́ ìlú Nauvoo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní Smith ń fẹ́ ìyàwó lé ìyàwó ní bòókẹ́lẹ́. Nígbà tí ìwé ìròyìn kan tú àṣírí náà, Smith ní kí wọ́n fọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn. Wọ́n tì í mọ́lé ní Carthage, àwọn jàǹdùkú sì ya wọ ẹ̀wọ̀n ní 27 oṣù Kẹfà 1844, wọ́n yìnbọn pa òun àti Hyrum ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Brigham Young ló kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí aṣálẹ̀ Utah ní 1847. Àwọn tí kò lówó ẹṣin àti màlúù fi ọmọlanke ti ẹrù wọn la aṣálẹ̀ kọjá. Ní 1856, yìnyín ká ẹgbẹ́ méjì mọ́ ojú ọ̀nà, ó lé ní 200 èèyàn tó kú. Ní Utah ni wọ́n ti wá kéde ìkóbìnrinjọ ní gbangba. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: lásìkò tí àwọn míṣọ́nnárì CMS ń kọ̀ láti ri olóbìnrin púpọ̀ bọmi nílẹ̀ Yorùbá, àwọn òyìnbó kan ń fi aya mẹ́fà, aya mẹ́wàá sin Jésù. Ìjọba Amẹ́ríkà gbógun tì wọ́n títí ààrẹ wọn fi kéde ní 1890 pé ó tán. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Utah di ìpínlẹ̀.

Ìgbàgbọ́ tó gbé gbogbo èyí ró ni pé Ọlọ́run kò tíì dákẹ́. Ohun tí ohùn fi lélẹ̀, ohùn lè gbé e kúrò. Wọ́n tún gbà pé a ti wà lọ́dọ̀ Ọlọ́run ká tó wá sáyé, pé àwa fúnra wa la yàn láti wá. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni a ń pè ní àkúnlẹ̀yàn? Wọn kì í mu ọtí, tíì tàbí kọfí, wọn kì í fa sìgá. Wọ́n ń san ìdámẹ́wàá. Nínú tẹ́ḿpìlì wọn ni wọ́n ti ń so tọkọtaya pọ̀ títí ayérayé, wọ́n sì ń ṣèrìbọmi fún àwọn tó ti kú, kí òkú fúnra rẹ̀ yàn bóyá òun á gbà á. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá orúkọ baba ńlá kiri bíi ti ẹni tó ń ki oríkì, tí wọ́n sì gbẹ́ àpáta lẹ́bàá Salt Lake City, ìlú tí oríkò ìjọ wọn wà ní Utah, láti tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn.

Ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú ni ibi tó ń dunni. Wọ́n ti fi Elijah Abel, aláwọ̀ dúdú, joyè àlàgbà ní 1836. Ṣùgbọ́n ní 1852, Brigham Young kéde pé ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà kò gbọ́dọ̀ joyè àlùfáà. Ó wà bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní 120 ọdún. Síbẹ̀, láti àwọn ọdún 1950 ni lẹ́tà ti ń ti Nàìjíríà lọ sí Salt Lake City, lọ́dọ̀ àwọn tó ti ń pe ara wọn ní ọmọ ìjọ náà láìrí míṣọ́nnárì kankan. Ọ̀kan nínú wọn ni Anthony Obinna, olùkọ́ ní ilẹ̀ Ìgbò. Ó ní òun rí ilé kan tó rẹwà lójú àlá. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn náà, ó ṣí ògbólógbòó ìwé ìròyìn Reader's Digest kan, ó sì bá àwòrán ilé náà níbẹ̀: tẹ́ḿpìlì Salt Lake ni. Ó kọ lẹ́tà títí. Èsì tó gbà ni pé wọn kò ní ètò kankan fún Nàìjíríà.

Ní oṣù Kẹfà 1978, ààrẹ wọn, Spencer Kimball, kéde pé ohùn ti tún wá, pé ọkùnrin èyíkéyìí tó bá yẹ lè joyè, àwọ̀ yòówù kó ní. Ní oṣù Kọkànlá, àwọn míṣọ́nnárì dé ọ̀dọ̀ Obinna. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, wọ́n ri èèyàn 19 bọmi nínú odò. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ rì. Wọ́n fi í joyè àlùfáà, wọ́n sì fi í ṣe olórí ìjọ tó ti ń kó jọ kí ẹnikẹ́ni tó yọ̀ǹda fún un.