Ibi Tí Àyẹ̀wò Ìtàn Abanilẹ́rù Ti Ṣẹ̀ Wá

Nínú kíláàsì lítíréṣọ̀ Yorùbá ní Adó-Èkìtì, ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí ní Ìkọ̀lé, akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé bí olùkọ́ bá ti ka ìtàn kékeré kan tán, àhunpọ̀ ìtàn, ìyẹn bí ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣe ń bí òmíràn, ìforígbárí, ìyẹn ìkọlura inú ìtàn, àti kókó ọ̀rọ̀, ìyẹn ohun tí ìtàn náà fẹ́ sọ, ni yóò béèrè. Ohun tí a kì í sábà sọ fún wọn ni pé ẹnu àwọn ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ti jáde, ní ìgbà tí ó jìnnà síra gan-an, àti pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rù wà nídìí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Aristotle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gíríìsì, ni ó kọ́kọ́ yẹ àhunpọ̀ ìtàn wò fínnífínní, ní nǹkan bí 2,300 ọdún sẹ́yìn. Eré ìbànújẹ́ orí ìtàgé ni ó ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó ní àhunpọ̀ ìtàn ni ẹ̀mí irú eré bẹ́ẹ̀, pé ó gbọ́dọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin tí ọ̀kan ń bí èkejì. Ó tún sọ pé ó sàn kí ẹ̀rù ti inú ètò ìṣẹ̀lẹ̀ wá ju kí ó ti inú ohun tí ojú ń rí lórí ìtàgé wá lọ, débi pé ẹni tí ó kàn fi etí gbọ́ ìtàn náà yóò gbọ̀n. Mo ka ọ̀rọ̀ yìí sí gbòǹgbò gbogbo àyẹ̀wò ìtàn abanilẹ́rù, nítorí pé iṣẹ́ àpàlọ́ gan-an nìyẹn: ohùn rẹ̀ àti ètò ìṣẹ̀lẹ̀ ni ó fi ń mú kí àwọn ọmọ fún mọ́ra wọn.

Ẹ wo àlọ́ ọmọge tí ó kọ gbogbo ọkọ tí àwọn òbí rẹ̀ fà kalẹ̀, tí ó wá tẹ̀lé arẹwà ọkùnrin kan láti ọjà. Bí wọ́n ti wọ igbó, ọkùnrin náà dá ẹsẹ̀ padà fún ẹni tí ó yá a, ó dá apá padà, ó dá awọ ara padà, títí ó fi ku agbárí nìkan. Bí àpàlọ́ bá ti sọ ní ọjà pé agbárí ni ọkùnrin yìí, ẹ̀rù ti tán nínú ìtàn náà. Bí ẹ̀yà ara kan ṣe ń tẹ̀lé òmíràn lọ, nígbà tí ọmọge ti jìnnà sílé, ni ó ń mú kí orí wú.

Ìforígbárí pẹ́ kí ó tó di ìbéèrè lọ́tọ̀, ilẹ̀ Jámánì ni ó sì ti gbilẹ̀. Hegel, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì tí ó kú ní 1831, kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé orí ìkọlura ẹ̀tọ́ méjì ni eré ìbànújẹ́ dúró lé. Ní 1863, Gustav Freytag, òǹkọ̀wé ará Jámánì, fi ètò eré wé òkè onígun mẹ́ta tí ó ní ìpele 5: ìfihàn, ìgòkè, ṣóńṣó, ìsọ̀kalẹ̀ àti àjálù. Àwọn olùkọ́ ṣì ń ya òkè yìí sójú pátákó, bẹ́ẹ̀ eré orí ìtàgé ni Freytag yà á fún. Ọ̀pọ̀ ìtàn abanilẹ́rù a máa parí sí ṣóńṣó, láìsí ìsọ̀kalẹ̀ kankan, kò sì yẹ kí a gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀.

Horace Walpole ti gbé ìtàn àròsọ gígùn tí ó kún fún òkú àti ilé ńlá abàmì jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1764. Ṣùgbọ́n Edgar Allan Poe, ará Amẹ́ríkà, ni ó fún ìtàn kékeré ní òfin tirẹ̀. Ní 1842 ó kọ ọ́ pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé kà tán ní ìjókòó kan, kí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, láti gbólóhùn àkọ́kọ́, sì máa ṣiṣẹ́ fún ìmọ̀lára kan ṣoṣo. Ní 1943, Cleanth Brooks àti Robert Penn Warren, olùkọ́ lítíréṣọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé ìkọ́ni jáde, nínú èyí tí wọ́n fi àhunpọ̀ ìtàn, ẹ̀dá ìtàn àti kókó ọ̀rọ̀ ṣe ìsọ̀rí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ó sì tàn dé ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, iwin àti ọ̀rọ̀ inú igbó ti wọ inú ìwé ìtàn àròsọ láti 1938, nígbà tí ìwé àkọ́kọ́ D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, jáde. Ayọ̀ Bámgbóṣé, onímọ̀ èdè Yorùbá, gbé odindi ìwé àyẹ̀wò kalẹ̀ lórí àwọn ìtàn rẹ̀ ní 1974, ìwé èdè-ìperí, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ohun tí a ń kọ́ nínú ẹ̀kọ́, tí ó ṣe olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1984, èyí tí ó jẹ́ kí olùkọ́ lè fi Yorùbá ṣàlàyé lítíréṣọ̀ láìyá èdè mìíràn lò.

Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ìdánwò ti sọ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìdáhùn mẹ́ta tí kò mọ ara wọn. Bí a bá béèrè kókó ọ̀rọ̀ àlọ́ ọmọge yẹn, “àìgbọràn sí òbí” ni ọ̀pọ̀ yóò kọ, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi òfin Poe wò ó. Ojú ni ọmọge fi yan ọkọ. Ohun tí ojú rẹ̀ fẹ́ràn, ẹsẹ̀, apá, awọ dídán, ni ètò ìtàn ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìjà òun àti àwọn òbí rẹ̀ ti parí ní ọjà. Èyí tí ó kù nínú igbó jẹ́ ti òun àti ohun tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tẹ̀lé bí àwọn ẹ̀yà ara náà ṣe ń lọ ni yóò rí i pé ìgbẹ́kẹ̀lé ojú nìkan ni ìtàn náà ń bá wí, kò sì ní nílò kí ẹnikẹ́ni ka kókó ọ̀rọ̀ sí i létí.