Kí Ẹ Tó Gbé VPN Ọ̀fẹ́ Sórí Fóònù Nítorí Fíìmù

Bí ẹ bá ti London wá ṣọdún n'Íbàdàn, tí ẹ ṣí BBC iPlayer, ààpù tí BBC fi ń gbé ètò tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ètò òun ti ṣeé wò. Fóònù yín ni, àkántì yín ni, ẹ ò sì jẹ wọ́n lówó láísẹ́ǹsì tẹlifíṣọ̀n. Nọ́ńbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi dá yín mọ̀, àdírẹ́sì IP, ló yí padà. AFRINIC tó wà ní Mauritius ló ń pín nọ́ńbà yìí fún àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ Áfíríkà. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 41, 102, 105 tàbí 197, ti Áfíríkà ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ ò tíì lanu tí wọ́n ti mọ ibi tí ẹ wà.

Owó ló fà á. Ẹni tó ni fíìmù ń ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni: ó lè ta ti Amẹ́ríkà fún Netflix, kó ta ti Nàìjíríà fún ẹlòmíì, kí ti orílẹ̀-èdè Benin má tíì rẹ́ni rà á. Bí Netflix bá wá fi fíìmù ọ̀hún hàn wá l'Ékòó, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń tà yẹn. Àwọn ará Yúróòpù ti rí apá kan rẹ̀ yanjú: láti oṣù kẹrin ọdún 2018, ẹni tó sanwó ní Faransé tó bá rìnrìn àjò lọ sí Jámánì, ohun tó ń wò nílé ni yóò máa wò lọ. Ó wù mí kí ECOWAS ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún wa, kí ẹni tó sanwó l'Ékòó má di àlejò ní Kútọnu.

VPN ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá bá. Ó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ohun tí fóònù yín ń sọ pa, á gbé e gba orí kọ̀ǹpútà kan ní London, kọ̀ǹpútà yẹn ni yóò sì bá iPlayer sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà tirẹ̀ ni wọ́n máa rí. Òfin Nàìjíríà kò ní ká má lò ó. Báńkì àti iléeṣẹ́ ńlá ń lò ó lójoojúmọ́. Àmọ́ ó lòdì sí àdéhùn iPlayer, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016 ni Netflix dé Nàìjíríà. Oṣù yẹn gan-an ló kéde pé òun yóò máa dínà mọ́ àwọn tó ń gba ẹ̀bùrú. Bí ẹgbẹ̀rún àkántì bá ń gba orí nọ́ńbà kan ṣoṣo wọlé, wọn ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé kì í ṣe ilé ẹbí kan nìyẹn. Ìdí nìyí tí VPN tó ṣiṣẹ́ lánàá fi lè kọ̀ lónìí, tí owó oṣù tí ẹ san yóò sì ti lọ.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni VPN ọ̀fẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ló gbé e sórí fóònù ní oṣù kẹfà ọdún 2021 nígbà tí ìjọba ti Twitter pa, a ò sì yọ ọ́ mọ́. Mo ṣì ń bá a lórí fóònù àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wá fún mi. Gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń gba ọwọ́ ẹni tó ni ín kọjá: ó mọ ibi tí ẹ lọ àti àkókò tí ẹ lọ. Kọ̀ǹpútà tó ń gbé e ṣiṣẹ́ ń jẹ owó gidi. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ̀ ń san án, ẹnìkan ń san án. Ní 2015, àṣírí tú pé Hola, tí àìmọye èèyàn fi ń wo fíìmù òkèèrè, ń ta ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì àwọn tó ń lò ó fún ẹlòmíì. Ẹ rò ó wò: kí ọmọ Yahoo tẹ́ ẹ ò rí rí fi nọ́ńbà yín lu jìbìtì. Ilẹ̀kùn yín ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ wá kàn.

Bí fóònù yín bá jẹ́ Android, ẹ wo òkè pátápátá. Bí ẹ bá rí àwòrán kọ́kọ́rọ́ kékeré níbẹ̀, VPN ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ wọ Settings, ẹ wá VPN, kí ẹ yọ èyí tí ẹ kò mọ ẹni tó ni ín kí ẹ tó tún ṣí ààpù báńkì.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ wálé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iPlayer fúnra rẹ̀ ti fi ọ̀nà kan sílẹ̀. Ẹ dáńlóòdù ètò tí ẹ fẹ́ sórí ààpù rẹ̀ kí ẹ tó wọ bàálù, ẹ lè wò ó lókè òkun láìlo dátà rárá. Ẹ ṣe é lórí Wi-Fi ilé torí ó máa ń tóbi, kí ẹ sì yẹ iye ọjọ́ tó kù fún ètò kọ̀ọ̀kan wò.