Adìẹ tuntun tí kò fẹ́ wọlé sùn: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọjọ́ kẹta rèé tí mo mú àgbébọ̀ tuntun wálé. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwọn yòókù á wọlé, òun á dúró síta. Ṣé olóríkunkun ni?

Rárá o. Kò tíì mọ̀ pé ibẹ̀ nilé. Ojú adìẹ mú gan-an lọ́sàn-án, ó tiẹ̀ ń rí àwọn àwọ̀ kan tí ojú èèyàn ò lè rí, ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe ń lọ lojú náà ń lọ. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í dúró de òkùnkùn kí wọ́n tó wọ̀. Oòrùn ò tíì rẹlẹ̀ tán tí kálukú ti ń wá ibi gíga tó mọ̀. Àwọn tiyín mọ igi tí wọ́n ń wọ̀ sí. Ní ti àlejò yìí, ilé àná ló ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, kó sì tó pinnu, ilẹ̀ á ti ṣú mọ́ ọn lójú, ibi tó bá bá a náà ló máa sùn sí. Orí mọ́tò lèmi ti bá ọ̀kan rí, òun àti gbogbo ohun tó yà sórí gíláàsì.

Ẹ fi àwọ̀n wáyà dá igun kan nínú ilé adìẹ náà fún un. Kó máa jẹ, kó máa mu, kó máa sùn, kó máa jí níbẹ̀ fún ọjọ́ 4 sí 7, kí òun àti àwọn onílé máa wo ara wọn láìlè fọwọ́ kan ara wọn. Lẹ́yìn náà, ilé ti di ilé nìyẹn. (Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á ni, ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ló yẹ kó kọ́kọ́ dá wà níbòmíì pátápátá, nítorí àìsàn. Ìyẹn ò ṣeé fò.)

Wọ́n ní kí n gbé e sáàárín wọn lóru, pé bí wọ́n bá jí, wọ́n á rò pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?

Àbọ̀ òótọ́ ni. Adìẹ tí kò ríran kì í jà. Bí ẹ bá gbé àlejò sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lóru, wọ́n á kùn díẹ̀, wọ́n á sún, ó parí. Àmọ́ pé wọn ò ní mọ̀ láàárọ̀, irọ́ ni. Adìẹ mọ ara wọn lójú, orí àti ogbe ni wọ́n sì fi ń dá ara wọn mọ̀ jù. Ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè kan, Thorleif Schjelderup-Ebbe, tó ti ń ṣọ́ adìẹ láti kékeré, ló kọ ọ́ síwèé ní nǹkan bí ọdún 1921 pé ipò ju ipò lọ nínú agbo adìẹ: ọ̀gá lè fẹnu sọ gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́ padà, ẹni ìsàlẹ̀ pátápátá, gbogbo ayé ló ń sọ ọ́. Ẹni tuntun tó bá dé, wọ́n gbọ́dọ̀ wá ipò fún un, ìjà ni wọ́n sì fi ń wá a. Òru ò pa ìjà yẹn rẹ́, ó kàn sún un di àárọ̀ ni.

Síbẹ̀, òru ni mo ṣì ń lò. Mo máa ń dúró di nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn tí ilẹ̀ ṣú, tí ariwo inú ilé ti rọlẹ̀. N kì í tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn lójú. Àtẹ́lẹwọ́ ni mo fi ń bò ó, kí ìmọ́lẹ̀ máa yọ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ìka. Mo á fi ọwọ́ méjèèjì di apá rẹ̀ mọ́ra, gbé e lé igi, n ò sì ní tíì fi í sílẹ̀ àfi bí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bá di igi náà mú. Ẹ máa gbọ́ ọkàn rẹ̀ tó ń lù kìkìkì lábẹ́ ọwọ́ yín. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. (Adìẹ kì í làágùn rárá ní ti gidi, ẹnu ló ń là mí hẹlẹ bí ooru bá mú un, ṣùgbọ́n òwe náà mọ ohun tó ń sọ.) Ẹ̀gbẹ́ èyí tó jẹ́jẹ́ jù ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá wọn, kí àyè sì tó bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25 fún adìẹ kọ̀ọ̀kan lórí igi.

Láfẹ̀mọ́jú, kí wọ́n tó fò sílẹ̀, ẹ ti dé ibẹ̀. Ẹ ṣílẹ̀kùn kí ẹni tí wọ́n ń lé rí ibi sá sí. Ẹ gbé oúnjẹ sí ojú méjì, omi sí ojú méjì, kí ọ̀gá kan má baà jókòó ti gbogbo rẹ̀. Ìdì ewébẹ̀ kan tí ẹ so kọ́, tí wọ́n máa ní láti fò kí wọ́n tó já a, máa ń gba ọkàn wọn kúrò lórí ìjà.

Ìgbà wo ni kí n dá sí ìjà wọn?

Bí wọ́n bá lé e kiri, tí wọ́n sọ ọ́ lórí, tí ìyẹ́ kan tàbí méjì já, ẹ mójú kúrò. Ẹ̀jẹ̀ ni ààlà. Adìẹ tó bá rí ojú ọgbẹ́ pupa lára ẹlòmíì kì í fẹnu kúrò níbẹ̀ mọ́, ẹ yọ ẹni tó fara gbọgbẹ́ kíá. Ẹ tún wò ó bóyá ó ń jẹun: tó bá wọ̀ lálẹ́, ẹ fọwọ́ kan àpò oúnjẹ tó wà níwájú àyà rẹ̀. Ó yẹ kó kún. Tó bá pẹlẹbẹ, wọn ò jẹ́ kó débi oúnjẹ nìyẹn.

Ká ní ẹ ṣì lè yàn, méjì ni kí ẹ mú wá lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ó ti ń wọlé báyìí, ṣùgbọ́n inú ìtẹ́ ló ń sùn.

Ẹ dí ìtẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ṣí i láàárọ̀ kùtù. Adìẹ máa ń yàgbẹ́ púpọ̀ lóru, orí ẹyin ló sì máa lọ. Ẹ tún wò ó bóyá ìtẹ́ ló ga ju igi lọ. Ibi tó ga jù ni wọ́n máa ń yàn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń wọlé dáadáa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ̀.

Ẹ yẹ igi náà wò kí ẹ tó yẹ adìẹ wò. Yòrò pupa máa ń fara pamọ́ sínú ihò igi lọ́sàn-án, á jáde lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ fi aṣọ funfun nu abẹ́ igi náà lóru. Bó bá pa á láwọ̀ ẹ̀jẹ̀, ẹ ti rí ìdí tó fi ń sá. Ẹ kó ohun tó wà nínú ilé náà jáde, kí ẹ fọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan nítorí ẹyin yòrò tó máa pa. Bí àwọn onílé náà bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sùn sóde, ẹ má ṣe wí pé àlejò ló bà wọ́n jẹ́.