Ohun tó mú ilé agogo dúró nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì amọ̀ wó

Bí ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ àtijọ́ bá wó, ibi kan náà ló sábà máa ń ṣẹ́kù: ilé agogo níwájú, ẹnu ọ̀nà ńlá, àti àlàpà díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Àwọn ènìyàn á ní amọ̀ ibẹ̀ ló dáa jù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Amọ̀ kan náà ni, inú kòtò kan náà ni wọ́n ti wà á. Bí ògiri ṣe di ara wọn mú ló yàtọ̀, ìjọ tó bá sì fẹ́ tọ́jú ohun tó kù ní Òṣogbo gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó ránṣẹ́ pe bíríkìlà.

Ilẹ̀ pupa tó wà lábẹ́ ilẹ̀ dúdú ni àwọn ọ̀mọlé ń lò. Wọ́n á da omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí kókó inú rẹ̀ á fi tán, wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á tún un tẹ̀ kí wọ́n tó máa ṣù ú mọ ògiri. Ìpele ìpele ni wọ́n ń mọ ọ́n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 45 sí 60, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí òmíràn tó gùn ún. Ilé gbígbé lè gba ìpele 4 tàbí 5. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ògiri rẹ̀ ga tó mítà 4 tàbí 5 ń fẹ́ 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, odindi ẹ̀ẹ̀rùn kan ni iṣẹ́ náà ń gbà, kí òrùlé lè bo orí ògiri kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Níbi tí wọ́n bá ti kánjú, ìpele ìsàlẹ̀ tí kò tíì gbẹ á yọkùn lábẹ́ ẹrù òkè, ikùn náà kì í sì í wọlé mọ́.

Koríko bẹẹrẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé tẹ́lẹ̀ wúwo, ìwúwo rẹ̀ ló ń tẹ orí ògiri mọ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, ó rọrùn láti kó páànù àti sìmẹ́ńtì wá láti èbúté Èkó. Páànù kì í jóná bíi koríko, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́. Ìjì oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin lè gbé e tòun tigi, àfi tí wọ́n bá fi irin tàbí wáyà dì í mọ́ inú ògiri, tó wọlẹ̀ tó ìpele kan ó kéré tán.

Ara àlàpà la ti ń ka ìyókù ìtàn. Ìlà gbọọrọ tó wà láàárín ìpele kan sí èkejì jẹ́ ti àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ọ̀ṣọ́ yípo fèrèsé jẹ́ àṣà tí àwọn Àgùdà tó ti Bàràsílì padà sí Èkó tàn kálẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ìǹṣì 9 tí wọ́n fi gbé ilé agogo ga sí i sábà jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀yìn, pàápàá lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Ewékorò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ńtì ní 1960.

Ògiri mẹ́rin tó sún mọ́ra ni ilé agogo, igun kọ̀ọ̀kan ń di èkejì mú. Ògiri ẹ̀gbẹ́ lè gùn tó mítà 20 láìsí ògiri ìdábùú kankan. Igi òrùlé nìkan ló di orí rẹ̀. Òkè ni ìwólulẹ̀ ti ń wá. Páànù á ṣí, igi tó so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ á jẹrà, ìyókù á bẹ̀rẹ̀ sí í ti orí ògiri síta. Láàárín òjò mélòó kan, ògiri ti dá dúró, ó ti fẹ̀yìn, ó ti lọ.

Fèrèsé tó tẹ̀ lókè bí òṣùmàrè tún máa ń tan ojú jẹ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, pákó àtẹ́rígbà ló gbé ẹrù nínú, rírẹ́ ìta nìkan ló tẹ̀. Ìrókò tàbí apá lè pẹ́ bí ògiri fúnra rẹ̀. Arère ni oúnjẹ ikán, tó bá sì tán nínú, amọ̀ òkè fèrèsé á já lulẹ̀.

Níbi tí ilé agogo ti pàdé ara ṣọ́ọ̀ṣì, ògiri sábà máa ń lanu láti òkè délẹ̀, torí ilé agogo wúwo, ó sì ń rì jù. Èyí nìkan kò tó ohun tí a ń tìtorí ẹ̀ wó o. Kí wọ́n lẹ P.O.P. (ìyẹ̀fun funfun tó ń le bí wọ́n bá fi omi pò ó) tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ kọjá lórí rẹ̀, kí wọ́n kọ déètì sí i, kí wọ́n wò ó lẹ́yìn òjò àti lẹ́yìn ọyẹ́. Bí kò bá ya, ògiri ti jókòó.

Ohun tó ń pa àlàpà jù lọ ni sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ó sì dunni, nítorí ìfẹ́ ló ń mú ìjọ ná owó náà. Amọ̀ ń mu omi, ó sì ń tú u sílẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú. Tí wọ́n bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, omi á gba ojú sísán tín-ín-rín wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á rọ̀ di yẹpẹ, rírẹ́ náà á sì ré lulẹ̀ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Kọnkéré tí wọ́n dà yí ẹsẹ̀ ògiri ká burú bákan náà: omi tó yẹ kó gba ojú ilẹ̀ jáde á gun ògiri.

Òrùlé ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Páànù onígbà díẹ̀ lórí òpó tirẹ̀, tí etí rẹ̀ yọ síta tó sẹ̀ǹtímítà 60, sàn ju rírẹ́ èyíkéyìí lọ. Gọ́tà ló tẹ̀ lé e, kó jìnnà sí ògiri tó mítà kan. Ẹsẹ̀ ògiri tí òjò ti jẹ kò ṣeé wà lẹ́ẹ̀kan náà: mítà kan ni ká tún ṣe, ká fo òmíràn, ká tó padà wá. Bíríkì amọ̀ tó ti gbẹ ni ká fi dí i, torí amọ̀ tútù á sún kì, á sì fi àlàfo sílẹ̀ lókè. Fún rírẹ́, amọ̀ òṣùwọ̀n kan sí iyanrìn méjì tàbí mẹ́ta, pẹ̀lú koríko gígé, ni ká dán wò lára ògiri. Èyí tó bá sán, amọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù. Èyí tó bá ń rọ́ lulẹ̀, iyanrìn ló pọ̀.

Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí Òṣogbo. Amọ̀ àti sìmẹ́ńtì ni Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú fi ṣiṣẹ́ nínú igbó Ọ̀ṣun, Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà sì wà lára wọn. Ọwọ́ tó ti tún ògiri amọ̀ ṣe níbẹ̀ rí ló yẹ kí ìjọ wá, kì í ṣe ẹni tó mọ búlọ́ọ̀kù nìkan.

Bí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun bá máa fara ti èyí tó kù, kí wọ́n má ṣe so ògiri méjèèjì pọ̀, nítorí búlọ́ọ̀kù àti amọ̀ kì í rì bákan náà. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 5 tó, pẹ̀lú páànù pẹlẹbẹ tó bò ó lókè, tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ tuntun nìkan kí òjò má bàa gba àárín wọn wọlé.